Àpótí tí wọ́n ní ó ń pa gbogbo ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹnìkan fẹ́ ta àpótí kékeré kan fún mi. Ó ní tí mo bá ti so ó mọ́ ráútà, mi ò ní rí ìpolówó kankan mọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, títí kan ti YouTube. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ìbéèrè yìí ti sú mi, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, àwọn tó ń ta irọ́ ni.

Pi-hole, ìyẹn ètò kan tó ń dí ìpolówó, tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. DNS ló ń ṣọ́, ìyẹn ètò tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí tẹlifíṣọ̀n bá béèrè ọ̀nà ibi tí ìpolówó ti ń wá, àpótí náà kò ní júwe rẹ̀. Ó parí. Bí oníbodè tó ń wo orúkọ láì tú ẹrù ló rí.

Ibi tí irọ́ wọn ti tú nìyí: lábẹ́ orúkọ kan náà, googlevideo.com, ni fídíò YouTube àti ìpolówó rẹ̀ jọ ń gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá dí i, fídíò pàápàá ò ní ṣí. Ẹni tó bá ní òun fi DNS pa ìpolówó YouTube, ẹ ní kó tan tẹlifíṣọ̀n níwájú yín, kẹ́ ẹ jọ wò ó fún wákàtí kan.

Àpótí náà wúlò ṣá o, fún ìpolówó ojú ìwé àkọ́kọ́ tẹlifíṣọ̀n, àti fún ACR, èyí tó ń ṣọ́ ohun tí ẹ ń wò, tó sì ń ròyìn rẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Lọ́dún 2017, Vizio, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n, san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ní Amẹ́ríkà nítorí pé kò gbàṣẹ kó tó ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ pa ACR nínú sẹ́tíǹgì tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀fẹ́ náà wà: ẹ fi 94.140.14.14 àti 94.140.15.15, nọ́ńbà DNS ti AdGuard tó ń dí ìpolówó, sí àyè DNS ráútà, kẹ́ ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ kọ nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀ o, torí áàpù kan lè kọ̀ láti ṣí. Mi ò sí ńbẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan tiẹ̀ lágídí: DNS 8.8.8.8 ti Google ni wọ́n ń lò, ohun yòówù kí ráútà wí.

Ti YouTube yẹn, YouTube Premium, èyí tí wọ́n ń sanwó fún, ló ń gbé e kúrò. Ẹ fi owó àpótí san án.