Ẹṣin tó ń bẹ̀rù ọ̀rá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Leeds ni mò ń gbé. Taíwò mi, ọmọ ọdún 10, ti ń kọ́ ẹṣin gígùn láti oṣù kẹsàn-án. Ẹṣin tí wọ́n ń fún un kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé àpò ọ̀rá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, á ta gìrì, á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ọmọ mi já bọ́. Olùkọ́ ní kó fara balẹ̀, ṣùgbọ́n báwo lọmọdé ṣe ń fara balẹ̀ lórí ẹran tó ń gbọ̀n? Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí. Ẹṣin Ojúde Ọba ń rìn láàárín ìlù àti ìró ìbọn. Kí ló dé tí ti ibí ń sá fún ọ̀rá?

Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ọmọ. Kent lèmi ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin sì ti ń gun ẹṣin fún ọdún 4, mo mọ bí àyà yín ṣe ń já.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ẹṣin náà. Sísá ni ẹṣin fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹranko apẹran láti ayébáyé. Ẹ̀gbẹ́ orí lojú rẹ̀ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ríran yíká, nítorí náà ẹsẹ̀ á ti gbéra kó tó mọ̀ pé ọ̀rá lásán ni. Ti Ojúde Ọba, díẹ̀díẹ̀ ni ìlù fi mọ́ ọn lára, ẹni tó di ìjánu rẹ̀ mú sì ń bá a rìn.

Ara Taíwò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ̀rù bá bọmọdé, á sé èémí mọ́nú, gìgísẹ̀ rẹ̀ á fún ẹṣin níkùn, ọwọ́ á sì fa ìjánu. Gìgísẹ̀ ń sọ pé "lọ", ìjánu ń sọ pé "dúró". Ẹran tó ń mọ̀ tí eṣinṣin kan bá bà lé e lára gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kó ṣe?

Kíkà ló gba ọmọ tèmi. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kanlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ní kó máa kà wọ́n sókè, èmi ní kó kà á ní Yorùbá: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tó bá di ìsáré tí wọ́n ń pè ní trot, ẹsẹ̀ ń kanlẹ̀ ní méjì-méjì, ó di ení, èjì, ení, èjì. Ẹni tó ń kà sókè ò lè sé èémí. Èjìká ọmọ náà wálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, etí ẹṣin kan sì yí sẹ́yìn sọ́dọ̀ rẹ̀. Etí yẹn ni kí Taíwò máa fiyè sí. Bí méjèèjì bá nà ṣánṣán síta ọgbà, ọkàn ẹṣin ti ń lọ nìyẹn, kó yára fún un níṣẹ́: kó yí roboto, kó dúró, kó tún rìn.

Tí wọ́n bá sún mọ́ ọ̀rá, kó má fipá mú un kọjú sí i. Kó yí orí rẹ̀ díẹ̀ sínú ọgbà, kí òun fúnra rẹ̀ wo ibi tó ń lọ, kó máa kà lọ. Tó bá kọjá, kó dẹ ìjánu, kó fọwọ́ họ ọ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ làwọn ẹṣin ti máa ń bá ara wọn họ. Ó lè tún bẹ̀rù ọ̀rá kan náà tí wọ́n bá gba òdìkejì wá, torí bí ọ̀rá náà ṣe rí láti ìhà yẹn yàtọ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ bi olùkọ́ bóyá ẹṣin náà ń jáde sí pápá kó tó di àsìkò ẹ̀kọ́. Èyí tí wọ́n tì mọ́lé láti àná, lọ́jọ́ òtútù, agbára á ti kún inú rẹ̀. Ẹ tún bi í pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ gàárì àti eyín rẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Eyín ẹṣin máa ń mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjánu á sì máa dùn ún. Ìrora kò gbọ́ kíkà. Bí nǹkan ò bá yí padà, ẹ ní kí wọ́n fún ọmọ ní ẹṣin mìíràn. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, mi ò kábàámọ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ké "Yéè!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Mo ké e lẹ́ẹ̀kan, ẹṣin méjì ló ta gìrì. Ní báyìí, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́, mo sì ń bá ọmọ mi kà á sínú.