Nígbà tí Ìṣirò Bá Ya Wèrè

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ooru ṣe ń tàn láti inú omi gbígbóná Ìkógòsì sínú omi tútù tí ó pàdé rẹ̀. Mo pín omi náà sí ìpín kéékèèké kí èsì lè péye sí i. Èsì náà ń dójú tì mí. Ìgbà tí mo gé ìṣísẹ̀ àkókò (ìwọ̀n àkókò tí ìṣirò ń fò síwájú lẹ́ẹ̀kan) kúrú ni ó tó tọ́. Kí ni ìdí?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Nínú irú ìṣirò yìí, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi èsì ìṣísẹ̀ tó kọjá nìkan ṣírò èyí tó kàn, bí ẹ bá dín ìwọ̀n ìpín omi kọ̀ọ̀kan kù sí ìlàjì, ẹ ní láti dín ìṣísẹ̀ àkókò kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣìṣe bíńtín yóò máa gbèrú, nọ́ńbà yóò máa fò sókè sódò, títí kọ̀ǹpútà yóò fi sọ pé omi Ìkógòsì ti di yìnyín. (Ìpín kéékèèké tí ẹ rò pé yóò tún iṣẹ́ ṣe gan-an ni ó bà á jẹ́!) Ẹ kọ ìwọ̀n méjèèjì sínú àpilẹ̀kọ yín, nítorí olùdánwò yóò béèrè.