Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà Píjò 504: Ṣé Kí A Fá A Ni, Àbí Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Píjò 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mò ń gùn, ẹ́ńjìnì 1971 cc ló sì wà nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ló ti ń gbóná lódìlódì. Omi ń hó nínú rédíétọ̀ bí ẹni gbé e kaná, ọ́ìlì ara ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì sì ti funfun bíi tíì tí a bu mílíìkì sí. Mẹkáníìkì mi ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnì, ti bàjẹ́, kí n lọ ra tọ̀kunbọ̀ ní Ládìpọ̀. Ẹlòmíràn ní kí a fá a, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ họ ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, kí a sì pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan. Èwo ni kí n ṣe, kí sì ni kí n mójú tó bí wọ́n bá ń tú u?
Ọmọ Onípíjò, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: A kí yín kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní sí yín ni pé kí ẹ má gun ọkọ̀ náà mọ́, ìbáà ṣe dé ọjà ìtòsí, nítorí pé ọ́ìlì tí omi ti dà pọ̀ mọ́ kò lè dáàbò bo bẹ́áríìnì tó gbé kráǹkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, dúró, iṣẹ́ òkè ẹ́ńjìnì sì lè ti ibẹ̀ di iṣẹ́ odidi ẹ́ńjìnì láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi lè gbà dé inú ọ́ìlì yín. Gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó. Tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ lè ti tẹ̀ tàbí kí ó ti sán. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, ni ìdí sílíìfù, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí písítọ́ọ̀nù ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì 504, inú omi gan-an ni sílíìfù kọ̀ọ̀kan dúró sí. Wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nídìí rẹ̀ tí kò jẹ́ kí omi ṣàn sínú àwo ọ́ìlì, tọ́ọ̀pù tí a dè lé e lórí ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wáṣà yẹn bá ti jẹrà, ẹ lè ra tọ́ọ̀pù mẹ́wàá, ọ́ìlì yín kò ní yé funfun.

Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá. Ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, kí ẹnì kan sì sítáàtì ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó púpọ̀púpọ̀ kí ó tó lọ́wọ́ọ́wọ́ rárá, afẹ́fẹ́ iná inú sìlíńdà ló ń wọ inú omi, òkè, níbi tọ́ọ̀pù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì, sì ni àìsàn wà. Bí omi bá pa rọ́rọ́, tí ọ́ìlì sì funfun síbẹ̀, ẹ fura sí ìdí sílíìfù.

Ìbéèrè tí kò sí ẹni tó dáhùn nínú àwọn mẹkáníìkì méjèèjì ni pé, kí ló mú ọkọ̀ gbóná? Tọ́ọ̀pù kì í dédé tẹ̀. Álúmínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, irin sì ni búlọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnì tí ó dé lórí; bí ooru bá mú àwọn méjèèjì, álúmínọ́ọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, bóòtù kò sì ní jẹ́ kí ó ráyè lọ, ni ó fi ń ká. Lára 504, fáànù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Iná bátìrì ló ń mú fáànù náà mọ́ púlì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí) nígbà tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, kábọ́ọ̀nù kékeré kan ló sì ń gbé iná náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kábọ́ọ̀nù yìí bá jẹ tán, fáànù á kàn máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní fa afẹ́fẹ́ tó nǹkan. Mo mọ ọkọ̀ kan tí wọ́n pààrọ̀ tọ́ọ̀pù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ rédíétọ̀ àti pọ́ǹpù omi wò pẹ̀lú. Kí ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ tamositáàtì (èyí tó ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó ìwọ̀n) sọnù nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná: ẹ́ńjìnì tí kì í gbóná tó ìwọ̀n máa ń jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń tètè dọ̀tí.

Ní ti fífá tàbí pípààrọ̀, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n láìtíì tú u. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n nu ojú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi rúlà irin tó tọ́ lé e ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kí wọ́n sì máa fi irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, èyí tó nípọn 0.05 mm, tọ abẹ́ rúlà náà. Bí ó bá wọlé níbì kan, tọ́ọ̀pù ti tẹ̀. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ṣeé fá, bí wọn kò bá tíì fá a rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá fá a ni àyè tí epo ti ń jó ń kéré sí i, bí ó bá sì kéré jù, ẹ́ńjìnì á máa kàn gbàgàgbàgà bí ẹ bá ń gun òkè, òkè kò sì wọ́n ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá rí ìlà sísán láàárín ojú fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde) méjì, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹnu ihò omi súnmọ́ etí sìlíńdà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata.

Bí ó bá di ríra, ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, ẹ́ńjìnì oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lára 504 wa: 1796 cc, tí ihò sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ 84 mm, àti 1971 cc tiyín, tó jẹ́ 88 mm. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Bí ẹ bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì èyí tó kéré sí tiyín, etí rẹ̀ á yọ sínú iná, á sì jó. Ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ẹ fi rúlà wò ó bákan náà. Ẹ yí i padà kí ojú tó ń kan búlọ́ọ̀kù kọjú sókè, ẹ de plọ́ọ̀gì mọ́ ọn, ẹ da kẹrosíìnì sínú kòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí epo ti ń jó, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Bí kẹrosíìnì bá ń jò gba ẹ̀gbẹ́, fáàfù kò jókòó dáadáa. Ìyẹn ṣeé lọ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú owó ọjà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá máa tú u gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní 504, ẹni tó tú tiwa fa tọ́ọ̀pù sókè tagbáratagbára, ó sì yí kráǹkì kí ó lè nu orí písítọ́ọ̀nù. Mo rí i kedere bí sílíìfù kejì ṣe bá písítọ́ọ̀nù gòkè, kò ga tó ìnípọn èékánná, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, a sì dè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ́ìlì funfun lábẹ́ tọ́ọ̀pù tí kò ní àléébù kankan. Nítorí náà, kí ẹ́ńjìnì tutù kí wọ́n tó tú bóòtù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí wá sí àárín, kí wọ́n mi tọ́ọ̀pù díẹ̀díẹ̀ títí gásíkẹ́ẹ̀tì yóò fi já, kí wọ́n tó gbé e. Kí wọ́n fi bóòtù àti wáṣà ńlá tẹ etí àwọn sílíìfù mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì yí kráǹkì.

Bí wọ́n bá ń dè é padà, kí wọ́n fín omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò bóòtù, torí pé omi tó há sídìí ihò lè fọ́ búlọ́ọ̀kù. Àárín ni dídè ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí etí, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú spánà tó ń wọn agbára. Àlàfo fáàfù jẹ́ 0.10 mm fún èyí tó ń fa epo wọlé àti 0.25 mm fún èyí tó ń tú èéfín jáde, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná dáadáa, tí ó sì ti tutù tán, kí wọ́n dẹ bóòtù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí wọ́n tún un dè, kí wọ́n sì tún àlàfo fáàfù wọ̀n. Ẹ fi ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú fọ inú ẹ́ńjìnì, ẹ dà á nù, kí ẹ tó rọ ojúlówó sí i. Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kí ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ láràárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì.