Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù tuntun wa ń jó lófuurufú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 17 ní bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Alàgbà kan ra bọ́ọ̀lù tuntun fún wa, èyí tí wọn ò fi abẹ́rẹ́ rán, tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Bí wọ́n bá ti gbá a gidi, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lófuurufú, á yà sọ́tùn-ún, á tún ṣẹ́rí sósì. Gólì wa ní òun ò dúró sẹ́nu ilé fún un mọ́. Ògbólógbòó tí a fi òwú rán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún alàgbà ni? Èwo ni ká rà nígbà mìíràn?

Ìdáhùn: Kóòṣì, ẹ kú akitiyan àwọn ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù yẹn má jẹ́ ayédèrú rárá. Dídán tó ń dán yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí nǹkan bá ṣe ń dán tó ni yóò ṣe máa yọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá tó. Ti bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, á máa ṣàn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ara bọ́ọ̀lù bá ń dán, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń ṣàn, agbára rẹ̀ sì ti máa ń tán kó tó dé ẹ̀yìn. Ní nǹkan bí ìbàdí bọ́ọ̀lù ló ti ń já kúrò. Afẹ́fẹ́ tó dàrú lẹ́yìn bọ́ọ̀lù á wá fẹ̀, á sì máa fà á sẹ́yìn. Ẹ ti rí tírélà tó ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí eruku àti ọ̀rá ń yí gbirigbiri tẹ̀ lé e nídìí: ohun kan náà ni. Àmọ́ bí ara bọ́ọ̀lù bá rí págunpàgun díẹ̀, yálà ojú rírán ni o tàbí kókó wẹ́wẹ́, á da afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ yẹn rú, á pò ó mọ́ èyí tó ń sáré lókè rẹ̀. Agbára tuntun á wọ inú rẹ̀, á lè lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù lọ sẹ́yìn dáadáa kó tó já. Ìfàsẹ́yìn á dínkù.

Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ti fojú rí èyí kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan tó ṣàlàyé rẹ̀. Láti 1848 ni wọ́n ti ń fi oje igi gutta-percha ṣe bọ́ọ̀lù wọn, tó ń dán kooro. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé èyí tó ti gbó, tí igi tí wọ́n fi ń gbá a ti há lára, ń lọ jìnnà ju tuntun lọ, ni wọ́n bá ń fi òòlù há tuntun lára fúnra wọn. Kòtò wẹ́wẹ́ ara bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù òde òní, tó máa ń tó 300 sí 500, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Bí ẹ bá gbá èyí tí kò ní kòtò bákan náà, nǹkan bí ìdajì ọ̀nà ló máa lọ.

Ó ku ijó tí ẹ̀ ń sọ. Gbogbo bọ́ọ̀lù ló ní ìwọ̀n eré kan tí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ti ń kúrò ní wọ́ọ́rọ́wọ́ bọ́ sí rúdurùdu, bí ara bá sì ṣe ń dán tó ni eré yẹn ṣe ń pọ̀ tó. Lẹ́nu ààlà yẹn, ibi tí ojú rírán wà á ti da afẹ́fẹ́ tirẹ̀ rú, ibi tí kò sí á ṣì wà ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Apá kan já kíá, apá kejì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ni bọ́ọ̀lù bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹni tó gbá a kò bá jẹ́ kó yí, bọ́ọ̀lù á rọra máa pa ojú dà, ojú rírán á bọ́ sí apá kejì, òun náà á ṣẹ́rí padà. Èyí tí wọ́n gbá tó ń yí fìrìfìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀nà kan ló máa ń tẹ̀ sí, gólì sì lè mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ rántí Jabulani, bọ́ọ̀lù World Cup 2010 ní South Africa. Ojú mẹ́jọ péré, ìyẹn ègé tí wọ́n tò pọ̀ di bọ́ọ̀lù, ló ní, iná ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn gólì figbe ta kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní NASA Ames, ibùdó ìwádìí àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà ní California, wọ́n rí i pé eré bíi 80 sí 88 kìlómítà ní wákàtí ló ti ń jó jù, eré firikíìkì gan-an nìyẹn. Enyeama wa tó mú bọ́ọ̀lù Messi títí ní ọjọ́ Ajẹntínà, bọ́ọ̀lù yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Gíríìsì, Torosidis ti Gíríìsì sì fi gbá gọ́ọ̀lù kejì wọn. Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru Jabulani o. Wọ́n ti fún Kaita, agbábọ́ọ̀lù wa, ní káàdì pupa, ọjọ́ burúkú Èṣù gbomi mu ni. Ní 2014, ojú mẹ́fà ni Brazuca, bọ́ọ̀lù World Cup ọdún náà, ní, ó sì dúró ju Jabulani lọ. Ẹ wo ìdí: gbogbo ojú ìsopọ̀ Jabulani kò ju nǹkan bí 203 sẹ̀ǹtímítà lọ, jíjìn rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà, ti Brazuca tó 327 sẹ̀ǹtímítà, ó sì jìn ju mìlímítà kan ààbọ̀ lọ. Eré tó ti ń jó wá lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí, kò tó eré firikíìkì mọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má ka iye ojú, ẹ má sì jẹ́ kí dídán fà yín mọ́ra. Dídán ni wọ́n fi ń tajà. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú ìsopọ̀ kọjá. Tó bá há a dáadáa, tàbí tí kókó wẹ́wẹ́ bá wà lára awọ, ẹ rà á. Tí èékánná bá kàn yọ̀ kọjá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú: nọ́ńbà 5 gbọ́dọ̀ wà láàárín gíráàmù 410 sí 450. Ìdí tí bọ́ọ̀lù felele ti àwọn ọmọ àdúgbò fi ń ya wèrè nìyẹn, ó ń dán, kò tún wúwo.

Ògbólógbòó yín náà, tí awọ bá ti bó lápá kan, ẹ má fi dá gólì lẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Págunpàgun apá kan ṣoṣo máa ń ya bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n á máa fi ṣòkòtò nu apá kan kó dán, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀.

Ẹ má ju ti alàgbà nù. Ẹ bi àwọn tó ṣètò ìdíje yín léèrè irú bọ́ọ̀lù tí wọn yóò lò. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀, òun ni kí gólì máa fi ṣe ìdánrawò: kó gbé gbogbo ara sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kó má na ọwọ́ nìkan sí i, èyí tó bá sì le jù, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a síta, kó má gbìyànjú láti hán an.