Ṣé aago ọwọ́ lè tó owó mọ́tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ìyàwó mi n'Ìkòròdú ló ní aago Seiko kan wà láyé ìgbà yẹn tó tó owó mọ́tò, mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣé òótọ́ ni? (Ọkọ ọmọ, Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ lọ bẹ bàbá o! Seiko Astron ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ Kérésì 1969 ló jáde ní Jàpáànù, góòlù ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀, 450,000 yẹ́ǹ ni wọ́n ń tà á, bí owó Toyota Corolla nìyẹn nígbà yẹn. Òun sì ni aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́ tó dọ́jà (quartz ni òkúta kékeré inú aago tí iná bátìrì ń mú gbọ̀n láti fi ka àkókò), bátìrì ló ń lò, kò sí pé à ń yí i láràárọ̀. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé quartz yìí kan náà ló padà sọ aago di pọ́ọ́kú, irú èyí tẹ́ ẹ máa rí ní Sábó lónìí.