Ẹ̀yin tó fẹ́ pín ìrẹsì fún opó ní Disemba

Bọ̀dá tó kọ̀wé láti Èkó, tó ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ajílété lọ́hùn-ún fẹ́ pín ìrẹsì àti ankara fún opó àti ọmọ òrukàn 100 ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù Disemba, tó wá ń béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe é tó fi máa délé ẹni tó yẹ, ẹ kú iṣẹ́ ire. Mo ti tò sórí ìlà gba ìrẹsì opó rí, mo sì wà lára àwọn tó ń ṣètò ìrànwọ́ ládùúgbò wa báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní Disemba, gbogbo ayé ló ń pín nǹkan. Ṣọ́ọ̀ṣì ń pín, olóṣèlú ń pín, àwọn tó wálé ọdún ń pín. Ọjọ́ 23 oṣù Júùnù, tí àjọ UN fi sọrí àwọn opó láti ọdún 2010, náà ní báńà àti kámẹ́rà tirẹ̀. Ìgbà tó le fún wa ni kí iṣu tuntun tó jáde, tí èlùbọ́ ti gbówó lórí, tí ẹni tó ní oko pàápàá ń ra oúnjẹ jẹ. Òmíràn ni Sẹ̀tẹ́ńbà tí iléèwé bá wọlé. Òfin UBE ti ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ títí dé JSS 3, gómìnà Mákindé sì fagi lé owó 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà níléèwé girama ìjọba ní 2019, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fúnni ní yunifọ́ọ̀mù, bàtà àti ìwé lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì yín fi ń gba ọjà kọjá. Èmi fúnra mi ti gbé odidi àpò kan lọ tà ní Ọjà Jagun rí. Ìyá tó ń wọn ìrẹsì níbẹ̀ wo ojú mi, ó wo ilẹ̀ tó ti ń ṣú, ó sì já owó náà wálẹ̀ gidigidi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Gbèsè ẹlẹ́rọ tó ń bá mi lọ ẹ̀gẹ́ ni mo fi san.

Gàrí ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí owó ń gbà sá lọ níbẹ̀. A ó ra ẹ̀gẹ́ lóko, a ó sanwó ẹni tó wú u àti ọkọ̀ tó gbé e, a ó bó o, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. A ó dì í sápò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kó lè gbẹ kó sì kan, a ó kù ú, ká tó wá jókòó ti iná láti àárọ̀, kí èéfín máa yọ omi lójú ẹni. Obìnrin tí kò bá ní owó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ á lọ gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, oníṣòwò yẹn náà ló sì máa dá iye tó máa ra gàrí rẹ̀. Òun ló gba gbogbo èéfín, èrè bọ́ sápò ẹlòmíràn. Owó ẹ̀gẹ́ yẹn ni kí ẹ fún un. Ẹ gbé e gba inú èésú tí àwọn obìnrin náà ti ń dá láàárín ara wọn, kí ẹni tó bá gbà á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbà. Wọ́n mọ ẹni tó ń jìyà, wọ́n sì mọ ẹni tó ń díbọ́n.

Torí tí ẹ bá ní kí àwọn aṣáájú àdúgbò kọ orúkọ wá, ìyàwó ẹlòmíràn á di opó lọ́jọ́ náà, tí ọkọ ń bẹ nílé tó ń ka ìwé ìròyìn. Ọ̀gá iléèwé ni kí ẹ bi, ó mọ ọmọ tó ń wá láìjẹun. Ẹ bi àlùfáà náà, torí opó tó jẹ́ Mùsùlùmí tó ṣì wà nínú opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10 kò ní jáde wá tò sórí ìlà yín, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ilé rẹ̀ ń gbẹ.

Ní ti àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó ní ọmọ mẹ́rin márùn-ún tirẹ̀. Ẹ má ra bàtà fún ọmọ òrukàn nìkan nínú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin á ti padà sí Èkó kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ọkọ mi fi owó díẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì. Báǹkì ní àwọn ò lè san án láìsí ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga máa ń fún ẹni tó máa bójú tó ohun ìní òkú, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní letter of administration. Ó di ìrìn Ìbàdàn. Ìwé ẹ̀rí ikú, fọ́ọ̀mù, oníduúró, owó ọkọ̀, àti àwọn ẹbí ọkọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tí wọ́n ń wojú ara wọn. Nínú àṣà tiwa, ọmọ ló ń jogún, opó kì í jogún ọkọ, torí náà ẹni tí kò bímọ fún un lè jáde lọ́wọ́ òfo. Àbúrò ọkọ mi ní òun á kúkú ṣú mi lópó kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Mo ní ó ṣeun. Ó pẹ́ kí n tó rí owó náà gbà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì bá ìrìn lọ. Tí lọ́yà kan bá wà nínú ẹgbẹ́ yín tó lè gba ọ̀ràn opó bíi mélòó kan lọ́dún lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ̀yin yòókù máa san owó ọkọ̀ àti owó fọ́ọ̀mù, mo fara mọ́ ọn ju tírélà ìrẹsì lọ.

Ankara yẹn, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀. Aṣọ kan náà lára opó àti ọmọ òrukàn 100, gbogbo ọjà á ti mọ ibi tó ti wá.

Ẹ tún ní àwọn tó dáwó á fẹ́ rí fọ́tò. Rìsíìtì yunifọ́ọ̀mù àti ìwé èésú tí àwọn obìnrin fọwọ́ sí ni àwa ń yà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dáwó fún wa. Ẹnì kan bínú lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní òun fẹ́ rí ojú àwọn ọmọ. Ó ṣì ń dáwó.