Èsì lórí ìṣọ́ àbẹ́là, aago àti aṣọ nínú fíìmù ìgbà àtijọ́

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè ṣọ́ àbẹ́là, aago àti aṣọ kí wọ́n má baà yàtọ̀ láti ìran kan sí èkejì nínú fíìmù tí ẹ fẹ́ yà nípa ọdún 1912. Mo ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Àbẹ́là ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Nínú eré tí mo bá wọn ṣe, àwọn kan ń jẹun alẹ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là. Nítorí pé òṣèré kan ní láti tètè lọ, ìparí ọ̀rọ̀ wọn ni a kọ́kọ́ yà, a sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí wọ́n gé àbẹ́là kúrú kí a tó ya ìparí yẹn, ṣùgbọ́n onímọ̀ ìtàn tí wọ́n gbà láti máa tọ́ wa sọ́nà dá mi lóhùn pé ojú òṣèré ni òǹwòran máa ń wò, olùdarí sì gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí olóòtú to àwọn àwòrán náà tẹ̀ léra, àbẹ́là ń ga sí i bí alẹ́ ti ń jinlẹ̀, ife tí ó ti ṣófo tún kún, búrẹ́dì tí wọ́n ti bù jẹ tún di odindi. A ní láti pe gbogbo ènìyàn padà lẹ́yìn tí òṣèré náà ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ nítorí iṣẹ́ mìíràn, a sì lẹ irùngbọ̀n àtọwọ́dá mọ́ ọn lágbọ̀n. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i títí di òní. Owó tí ó bá a lọ dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ mi ṣeré kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń tún un yà.

Nítorí náà, ẹ ní àbẹ́là púpọ̀ tí ẹ ti gé sí oríṣiríṣi gígùn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìran sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti aṣọ kò le: ẹ ya fọ́tò òṣèré níwájú àti lẹ́yìn kí ó tó bọ́ ọ.

Onímọ̀ kan náà ni ó fọwọ́ sí aago ọwọ́ fún gbogbo ọkùnrin inú eré wa, tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, bẹ́ẹ̀ aago àpò ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń lò nígbà náà. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú. Nínú fíìmù Titanic ti ọdún 1997, Jack, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn náà, sọ pé òun ti pẹja ní adágún Wissota ní Amẹ́ríkà rí, bẹ́ẹ̀ ọdún 1917 ni ìsédò tí ó dá adágún náà sílẹ̀ parí, nígbà tí ọkọ̀ náà ti rì láti ọdún 1912.

Wọn yóò sọ fún yín pé irú èyí kò ba ìtàn jẹ́. N kò gbà. Fíìmù Braveheart ya ìjà Stirling Bridge ti ọdún 1297, níbi tí àwọn ará Scotland ti ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, láìsí afárá, bẹ́ẹ̀ tóóró afárá náà gan-an ni ó pín ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí méjì, tí apá ìlàjì wọn kò fi lè ran ìyókù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá yọ afárá kúrò ti yọ ìdí ìṣẹ́gun kúrò.

Kí ẹ tó ya ìran kankan, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ìtàn yín kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ń kọ àkọsílẹ̀ ìran sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀, kí olùdarí náà sì buwọ́ lù ú.